Àgbàdo Tó Wà Nínú Hóró Oògùn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí sáà àkọ́kọ́, mo gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì troisième. Ẹ̀kọ tútù tí mo rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa wà nínú àwo kìíní; gàrí wà nínú èkejì; hóró paracétamol kan, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mú wá láti ilé, wà nínú ẹ̀kẹta. Mo kán omi iode sí wọn lórí níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ dúdú bí aró. Gàrí dúdú bí aró. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí mo ti kọ́ wọn pé bẹ́ẹ̀ ni iode ń ṣe nígbàkigbà tó bá kan ohun tí àwọn Faransé ń pè ní amidon. Ṣùgbọ́n nígbà tí hóró oògùn náà dúdú bí aró lójú wọn, ariwo sọ.

"Madame, oògùn ayédèrú ni!" ni ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn kígbe. "Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ṣe é!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè, ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó ní: "Madame, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í jẹ ẹ̀kọ. Láti kékeré ni ìyá mi ti kà á léèwọ̀ fún mi, nítorí bí mo bá jẹ ẹ́, ètè mi a wú, ara mi a sì máa yún mí. Ṣé mo ti ń jẹ ẹ́ nínú oògùn láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé ó ṣì í mú. Ní ti ọmọbìnrin náà, n kò ní èsì tó péye lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kà, àti ohun tí mo bi àwọn tó mọ iṣẹ́ oògùn ní ọ̀sẹ̀ náà, ni mo ń kọ síhìn-ín. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, títí dé Àtàkpàmẹ̀, ni kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ọmọ yìí.

Àwọn ìyá wa kò nílò olùkọ́ kankan kí wọ́n tó mọ amidon. Gbogbo ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. A ó rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ìyá mìíràn a sì kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú omi gbígbóná. Àgbàdo a rọ̀, omi rẹ̀ a kan. A ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èérí a kù sínú aṣọ, ìpín ẹran ilé nìyẹn. Omi funfun a sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkòkò, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi kíkan ti lé sókè, ògì ti rọ̀ sísàlẹ̀, ó funfun, ó sì kì. Amidon ló pọ̀ jù nínú ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ yẹn. Bí a bá mú 100 gíráàmù àgbàdo gbígbẹ, nǹkan bí 70 nínú rẹ̀ ni amidon. Purotéènì kò ju 8 sí 10 lọ. Òróró jẹ́ nǹkan bíi 4.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kò ṣe ohun tó yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1842, ọkùnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Kingsford, tó ń ṣiṣẹ́ ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà láti yọ amidon mímọ́ nínú àgbàdo. Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi amidon náà ṣe, kí kọ́là ẹ̀wù lè dúró ṣánṣán; ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ ilé ìdáná. Lónìí, wọ́n ń rẹ àgbàdo bí àwa náà ti ń rẹ ẹ́, fún nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀ sí méjì, ṣùgbọ́n nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó gbóná tó 50 degree, èyí tí wọ́n fi gaasi imí ọjọ́ díẹ̀ sí kí ara àgbàdo lè tú, kí omi má sì bàjẹ́. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sẹ́ ẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ojú àgbàdo sọ́tọ̀ nítorí òróró inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì gbọn purotéènì kúrò lára amidon, nítorí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ.

Ibí yìí ni ọ̀nà wa àti tiwọn ti pínyà, ìpínyà náà sì ṣe pàtàkì fún ọmọbìnrin tó bi mí léèrè. Ìyá tó ń sẹ́ ògì kò lé purotéènì jáde tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ògì rọ̀ sísàlẹ̀, pẹ̀lú kíkan tó ń fún un ní adùn. Oúnjẹ ni ògì wa. Amidon tiwọn kì í ṣe oúnjẹ lójú ara rẹ̀ mọ́, ó ti di ìyẹ̀fun tí kò ní òórùn, tí kò ní adùn. Purotéènì tó kù nínú 100 gíráàmù rẹ̀ kì í sábà tó ìdajì gíráàmù.

Kí ni irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ń wá nínú oògùn? Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ohun tó wà nínú oògùn tí kì í ṣe òun ló ń wo àìsàn: excipient. Láti inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó ń gba nǹkan mọ́ra. Èmi yóò pè é ní alábàárìn oògùn. Ẹ jẹ́ ká wo levothyroxine, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹṣẹ́ inú ọ̀fun wọn, thyroïde, kò ṣiṣẹ́ tó bó ti yẹ. Ìwọ̀n tí àwọn aláìsàn kan ń lò lóòjọ́ jẹ́ 50 microgramme. Ẹ pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà 20 000: ìpín kan nínú rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò fi ìka mú un? Ta ni yóò rí i bó bá bọ́ sílẹ̀? Alábàárìn ló ń sọ ọ́ di hóró tí ọwọ́ lè gbá mú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Boston ṣe àyẹ̀wò oògùn onígbígbémì tó ju ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì lọ ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n hóró oògùn ni alábàárìn.

Yàtọ̀ sí pé amidon ń fún hóró ní ara, ó tún ń lẹ èròjà pọ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná pò ó, ó ń di lẹ́ẹ̀, bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó wú mi lórí jù ni ti inú ikùn. Ẹ fi hóró paracétamol sínú ife omi kí ẹ sì máa wò ó. Amidon inú rẹ̀ ń mu omi, ó ń wú, ó ń ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sẹ́yìn, títí hóró yóò fi tú ká. Hóró tí kò bá tú kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ó lè gba inú ìfun kọjá bí òkúta, kó sì bọ́ síta bó ṣe wọlé. Àgbàdo kò wo ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tó ń wò ó.

Èsì tí mo fún ọmọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì nìyí: amidon inú oògùn kì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn oògùn ayédèrú tí wọ́n ti rí, àwọn kan wà tí kò sí nǹkan kan nínú wọn ju amidon àgbàdo, amidon ọ̀dùnkún, tàbí ẹfun lọ. Ní ọdún 2017, àjọ náà fojú díwọ̀n pé nínú oògùn mẹ́wàá tó ń káàkiri ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ọ̀kan jẹ́ ayédèrú tàbí kò kúnjú ìwọ̀n. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí wọ́n palẹ̀ oògùn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí ibà ń ṣe, tí ìyá rẹ̀ ń fún ní hóró láàárọ̀ àti lálẹ́, tó ń ka wákàtí, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ gbígbẹ ló ń fún un. Bí mo bá kán iode sórí hóró yẹn, yóò dúdú bí aró. Bí mo bá kán an sórí ojúlówó, yóò dúdú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Iode mi kò lè ya olóòótọ́ kúrò lára ẹlẹ́tàn. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè ṣe é, kò sì sí èyí tó wà nídìí àtẹ àwọn tó ń ta oògùn lójú títì.

Amidon tún ní ọmọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 1811, ní ìlú Saint-Pétersbourg, Gottlieb Kirchhoff se amidon nínú omi tó fi ásíìdì sí, ó sì rí i pé ó di ohun dídùn. Ṣúgà tó rí nígbà náà ni glucose. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sorbitol, èyí tó ń mú oògùn olómi àwọn ọmọdé dùn, tí a sì ń rí nínú ọṣẹ ìfọyín. Èbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus niger a máa jẹ irú ṣúgà bẹ́ẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di acide citrique, èyí tó ń fún ohun mímu inú ìgò ní kíkan. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí bisikíìtì, ẹ wo ara bébà bọnbọ́ọ̀nù, ẹ wo "cube" tí a ń fọ́ sínú ọbẹ̀: "sirop de glucose", "maltodextrine", "amidon modifié". Orúkọ wọn kò jọ ti àgbàdo, ṣùgbọ́n inú àgbàdo ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi àlìkámà tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe wọn pẹ̀lú. Omi "sérum glucosé" tí wọ́n ń gbé kọ́ sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n kọ 5 % sí, ní 50 gíráàmù glucose nínú lítà kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí omi tí a ń fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní SRO. Láti ọdún 2002, gíráàmù 13,5 glucose ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó wà nínú lítà kan rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kó lè dùn lẹ́nu ni wọ́n ṣe fi ṣúgà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ìfun ní ẹnu ọ̀nà kan tí iyọ̀ kì í dá gbà wọlé. Àfi bí glucose bá bá a rìn. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn. Níbí, ọmọ àgbàdo kì í ṣe alábàárìn lásán mọ́, iṣẹ́ gan-an ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ "lásán" yìí ló dá ìjà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà láì mọ ohun tí ìjà náà dá lé. Oògùn thyroïde tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni, èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní orúkọ Levothyrox, tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ń lò nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Merck yí àwọn alábàárìn rẹ̀ padà. Levothyroxine kò yí. Amidon àgbàdo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ lactose, tí í ṣe ṣúgà inú wàrà, wọ́n fi mannitol àti acide citrique rọ́pò rẹ̀, kí agbára oògùn náà má baà máa dín kù bó bá pẹ́ nílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: àárẹ̀, ẹ̀fọ́rí, òòyì, irun tó ń já. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun yí nínú oògùn wọn. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún náà kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà 170 orúkọ, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, ìjọba mú kí èyí ti àtijọ́ padà sórí àtẹ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn aláṣẹ oògùn dúró lórí rẹ̀ pé èyí tuntun náà dára. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lyon. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà ní kí ilé iṣẹ́ náà san 1 000 euro fún olúkúlùkù àwọn olùpẹ̀jọ́ tó ju 3 300 lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2022. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n rí kì í ṣe pé mannitol pa ẹnikẹ́ni lára, bí kò ṣe pé wọn kò sọ fún àwọn aláìsàn bó ti tọ́ pé alábàárìn ti yí padà. Lójú tèmi, ìdájọ́ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó ń gbé oògùn kan mì láràárọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ gbogbo ohun tó ń gbé mì.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi. Àwọn tí ara wọn kọ̀ àgbàdo kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ohun tí ara wọn ń kọ̀ kì í sábà jẹ́ amidon, purotéènì ni. Ọ̀kan nínú àwọn purotéènì náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zea m 14, kò bẹ̀rù iná: bí a se àgbàdo, bí a sun ún, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ tó jiná dénú fi lè wú ètè ọmọ. Nítorí pé purotéènì tó kù nínú amidon ilé iṣẹ́ kéré jọjọ, ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í lè jẹ àgbàdo ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láì sí wàhálà. Àwọn kan kò lè lò ó. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tí ọmọ kan jẹ́ nínú méjèèjì. Oníṣègùn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìwé yìí ju oògùn tí dókítà kọ fún un nù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin kì í sábà ka àgbàdo sí ewu. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, oúnjẹ mẹ́rìnlá ni òfin ọdún 2011 ní kí wọ́n kọ gàdàgbà sára ohun jíjẹ nítorí àwọn tí ara wọn kọ̀ wọ́n: ẹ̀pà wà níbẹ̀, wàrà wà níbẹ̀, ẹyin, àlìkámà, ẹja. Àgbàdo kò sí níbẹ̀. Ní ti oògùn, bébà inú páálí ní àwọn alábàárìn kan tó ń kìlọ̀ nípa wọn, "excipients à effet notoire". Lactose, sorbitol àti amidon àlìkámà wà lára wọn, amidon àgbàdo kò sí. Orúkọ rẹ̀ wà nínú bébà náà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá a ló ń rí i. Ẹ ṣí bébà náà dé apá kẹfà, ẹ wá gbólóhùn "Les autres composants sont". Níbẹ̀ ni gbogbo wọn tò sí. Bí ó bá jẹ́ "amidon de maïs" ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ ti yé. Bí ó bá jẹ́ "amidon prégélatinisé" lásán, ó di dandan kí ẹ bi olóògùn léèrè irúgbìn tí wọ́n fi ṣe é.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bá ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé oògùn. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè bébà oògùn tí wọ́n ń lò nílé. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú hóró mẹ́rin jáde, tí wọ́n fi ọ̀rá kékeré dì. Kò sí páálí, kò sí bébà, kò sí orúkọ. Lọ́dọ̀ obìnrin tó ń gbé igbá oògùn kiri ọjà ló ti rà á, ohun tí a ń pè ní "pharmacie par terre". "Madame," ó ní, "ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń rà á. Ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta, bí owó bá ṣe mọ." N kò rí ẹ̀bi kankan dá fún un. Ẹni tí kò lówó páálí kan kì í sábà ní bébà tí yóò kà.

Olóògùn náà ní sùúrù. Ó ní, "Màmá, àgbàdo sísun ńkọ́? Ṣé ó máa ń jẹ ẹ́?" Ìyá náà ní ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ rí ní ọmọ ọdún márùn-ún, ojú rẹ̀ sì wú. Olóògùn ní kí wọ́n lọ rí dókítà kí wọ́n lè yẹ awọ ara ọmọ náà wò. Lẹ́yìn náà ó ṣí páálí paracétamol méjì, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, ó tẹ́ bébà wọn sórí tábìlì, ó sì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kà wọ́n. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí àwọn ọ̀rọ̀ Faransé kéékèèké náà. Nínú èkíní, ó rí "amidon de maïs". Nínú èkejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i. Èkejì ni wọ́n rà.

Kí a tó jáde, ìyá rẹ̀ ní kí ó kọ orúkọ ohun náà sínú bébà kan fún òun. Ọmọ náà kọ ọ́ ní Faransé. Ìyá wò ó, ó ní, "Kọ tiwa náà sí i, ìyá rẹ àgbà lè bá ẹlòmíràn lọ ra oògùn." Ọmọ náà kọ "àgbàdo" sábẹ́ rẹ̀, ó fi àmì sí i bí mo ti kọ́ wọn. Ìyá rẹ̀ ká bébà náà sí mẹ́rin, ó sì dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀, níbi tí hóró mẹ́rin yẹn wà tẹ́lẹ̀.